Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Nípa Ìwé: Kíkà Á, Títọ́jú Ẹ̀ àti Yíyá Èèyàn

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìwé o, àmọ́ mi ò ráyè kà á. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 bẹ̀rẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2019, onímọ̀ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, Marc Brysbaert, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ó rí i pé àgbàlagbà tó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá jẹ́ ìtàn àròsọ ó tó 260. Ká ní ojú ewé kan gba ọ̀rọ̀ 300, ìṣẹ́jú 15 á kó nǹkan bí ojú ewé 12, ìwé olójú ewé 300 á sì tán láàárín ọjọ́ 25. Oṣù kan ò tíì pé nìyẹn o.

Ohun tó kù ni kí ìwé wà níbi tọ́wọ́ yín ti lè tètè tó o. Fóònù ló máa ń wà nítòsí ìrọ̀rí, ìwé wá wà lókè àpótí nínú yàrá kejì, ẹ ò lè retí pé ẹ máa dìde lọ mú un nígbà tí oorun ti ń kùn yín. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ẹ gbé ìwé lé ìrọ̀rí. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè sùn, ọwọ́ yín á ti kàn án.

Tí ìwé ò bá dùn mọ́ mi, ṣé dandan ni kí n kà á tán?

Rárá o. Ìwé tẹ́ ẹ bá ń fi tipátipá kà máa ń dínà mọ́ mẹ́ta míì tẹ́ ẹ ì bá ti kà. Tèmi, mo máa ń fún un ní ojú ewé 50, tí ò bá tíì mú mi lẹ́yìn ìyẹn, mo máa pa á dé. Àmọ́ mi ò ní gbé e dà nù, torí ìwé míì wà tó jẹ́ pé àsìkò ẹ̀ ni ò tíì tó: ọ̀kan wà tí mo pa dé lẹ́ẹ̀mejì, tí mo wá fi alẹ́ mẹ́ta péré kà nígbà kẹta, torí ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Ìwé ẹ̀kọ́ yàtọ̀. Ẹ wo àkóónú tó wà níwájú àti atọ́ka tó wà lẹ́yìn, ẹ ka ibi tẹ́ ẹ nílò, ẹ gbé e sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ṣé èèyàn lè máa ka ìwé méjì-mẹ́ta pọ̀?

Ó ṣeé ṣe, tí wọn ò bá ti jọra. Ìtàn kan, ìwé ẹ̀kọ́ kan, ewì kan. Ìtàn méjì pọ̀ ló máa ń dà rú, orúkọ ẹni tibí á lọ bọ́ sínú ìtàn tọ̀hún.

Àwọn kan ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ka odidi ìwé kan lójúmọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ má náwó sí i. Onímọ̀ kan, Keith Rayner, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2016: béèyàn bá ṣe ń sáré sí i ni òye ń dín kù sí i, kò sí ọgbọ́n kankan tó yọ wá nínú ìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kéèyàn yára lóòótọ́ ni kó ti mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ìyẹn ò sì ní wá láìjẹ́ pé ó ń kàwé. Ẹ máa ka púpọ̀, eré á tẹ̀ lé e.

Ṣé tí mo bá gbọ́ ìwé létí, mo ti kà á náà nìyẹn?

Lójú tèmi, ẹ ti kà á. Beth Rogowsky àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dán an wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2016: àwọn kan gbọ́ apá kan nínú ìwé, àwọn kan fojú kà á, àwọn kan ń gbọ́ wọ́n tún ń fojú bá a lọ, nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n ní ìbéèrè, òye wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ká má sì gbàgbé àwọn afọ́jú àtàwọn tójú ń dùn, torí tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé alohùn láwọn ọdún 1930. Àdéhùn Marrakesh tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lọ́dún 2013 tún gbè wọ́n lẹ́yìn, pé kí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà ìwé tí irú wọn á lè lò, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, láìsí pé wọ́n kọ́kọ́ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé. Ẹni tó bá ní gbígbọ́ ìwé létí kì í ṣe kíkà, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni kó lọ sọ ọ́ lójú wọn.

Ìwé tí mo ní kẹ́ ẹ fojú kà ni èyí tó kún fún àwòrán, ìṣirò tàbí àlàyé tó lọ́, tẹ́ ẹ máa fẹ́ padà sẹ́yìn wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìwé bébà àti ìwé orí fóònù, èwo ló dáa jù?

Ó wà lọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà. Pablo Delgado àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 54 jọ lọ́dún 2018, àwọn tó kópa nínú ẹ̀ lé ní 170,000. Bébà fi díẹ̀ dáa ju ojú ẹ̀rọ lọ tó bá jẹ́ ìwé ìmọ̀, pàápàá tí àkókò bá ń lé èèyàn, àmọ́ tó bá jẹ́ ìtàn lásán, wọn ò rí ìyàtọ̀.

Èmi ń lo méjèèjì. Ìtàn tí mo máa kà lẹ́ẹ̀kan wà lórí ẹ̀rọ, ìwé tí mo fẹ́ bá jiyàn, bébà ni mo ń rà á. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi kà á, ẹ pa dátà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìró WhatsApp ló ń ba ìwé kíkà jẹ́ níbẹ̀ ju lẹ́tà wínníwínní lọ.

Mo máa ń gbàgbé gbogbo ohun tí mo kà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin nìkan kọ́. Onímọ̀ kan ní Jámánì, Hermann Ebbinghaus, ti fi ara ẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1885 pé láàárín wákàtí àkọ́kọ́ sí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ohun téèyàn kọ́ máa ń sá lọ jù, lẹ́yìn náà ló wá ń rọra lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni ká tún un kà, ká tún un kà. Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún nǹkan tí wọ́n kà kà, wọ́n ní kí àwọn míì pa á dé kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbìyànjú láti rántí ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá parí orí kan, ẹ pa ìwé dé, ẹ fi ìka há àárín ẹ̀, ẹ wo òkè àjà, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé kí ni òǹkọ̀wé yìí ń sọ gan-an. Ibi tẹ́nu yín bá ti há, ibẹ̀ ni kò yé yín. Mo ní jọ́tà kan tí mo máa ń kọ ìlà mẹ́ta sí fún ìwé kọ̀ọ̀kan tí mo bá parí: ohun tó sọ, ibi tí mi ò ti gbà fún un, ẹni tí mo fẹ́ kó kà á. Ìlà kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ìwé ti ń mọ ilé tó kàn tó máa lọ.

Ṣé ó dáa kéèyàn kọ nǹkan sínú ìwé?

Ìwé tó bá jẹ́ tiyín, ẹ kọ ọ́. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ lò, HB tàbí 2B tó rọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò máa ń là kọjá sí òdìkejì, highlighter ní tiẹ̀ máa ń ṣá, ó tún lè fi àwọ̀ sílẹ̀ lára ojú ewé tó kọjú sí i, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè pa á rẹ́.

Ìwé kan wà lọ́dọ̀ mi tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi pẹ́ńsùlù kọ "irọ́!" sétí ojú ewé kan, ó wá padà wá, ó fa ìlà gba orí ẹ̀, ó kọ "bóyá" sábẹ́ ẹ̀. Pẹ́ńsùlù méjèèjì ò dọ́gba, ti àkọ́kọ́ dúdú, ti èkejì fẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bíi pé ọdún ti gorí ọdún láàárín wọn. Mi ò mọ onítọ̀hún rí, àmọ́ kò sígbà tí mo dé ojú ewé yẹn tí mi ò kì í dúró, bí ìgbà tí èmi àti ẹ̀ jọ jókòó.

Ìwé oníwèé àti ìwé ilé-ìkàwé, ẹ má fi nǹkan kan kàn án. Ẹ kọ tiyín sórí bébà pélébé, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dá ìwé padà. Àwọn bébà aláwọ̀ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn náà máa ń fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tán, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́bẹ̀.

Kí ni kí n fi sàmì ibi tí mo kà dé?

Bébà funfun tó fẹ́lẹ́ tàbí rébọ́ọ̀nù. Ẹ má ká igun ojú ewé, ibi tẹ́ ẹ bá ká ló máa ya lọ́jọ́ iwájú. Báírò tẹ́ ẹ bá há sáàárín máa ń fa ẹ̀yìn ìwé ya, klíìpù onírin máa ń dípẹtà, òdòdó àti ewé tútù máa ń fi omi àti àwọ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì da ojú ìwé dé ilẹ̀ bí ẹni da igbá délẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ń kán nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa to ìwé sórí ṣẹ́ẹ̀fù?

Bó ṣe wù yín, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti lè rí èyí tẹ́ ẹ ń wá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń lo ètò tí Melvil Dewey gbé jáde lọ́dún 1876, tó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá láti 000 dé 900: ẹ̀sìn wà ní 200, èdè ní 400, lítíréṣọ̀ ní 800, ìtàn ìlú àti ti ilẹ̀ ayé ní 900. Ilé èèyàn ò nílò gbogbo ìyẹn. Èmi pín tèmi sí "mo ti kà á", "mi ò tíì kà á", àti "kì í ṣe tèmi", èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn kójú mi lè máa rí i.

Bí wọ́n ṣe dúró ló ṣe pàtàkì jù. Kí ìwé dúró ṣánṣán, torí èyí tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọdún kan, ẹ̀yìn ẹ̀ á wọ́. Ẹ má fún wọn mọ́ra jù. Ìwé ńlá tó wúwo, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó má ju méjì-mẹ́ta lọ lórí ara wọn. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìwé àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá, ẹ má sì gbé e sójú oòrùn, àwọ̀ tí oòrùn bá ti mú lọ kì í padà.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń mú ìwé: wọ́n á fi ìka kọ́ orí ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á fà á wá sọ́dọ̀ ara wọn. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ fi ìka ti èyí tó wà lọ́tùn-ún àtèyí tó wà lósì wọlé díẹ̀, kẹ́ ẹ wá di èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú ní ìbàdí, ó máa jáde wọ́ọ́rọ́.

Kí ló dé tí ìwé mi ń pọ́n, tó tún ń fọ́?

Inú bébà fúnra ẹ̀ ni àìsàn yẹn ti ń wá. Títí di nǹkan bí ọdún 1850, àkísà òwú àti ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà jù ní Yúróòpù, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń fi igi tí wọ́n lọ̀ ṣe é torí igi pọ̀ ju àkísà lọ. Igi ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní lignin, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa ń sọ di pupa rúsúrúsú. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n tún fi sí i kí yíǹkì má baà tàn nínú ẹ̀ máa ń mú ásíìdì wá, ásíìdì yẹn ló ń jẹ bébà títí tó fi máa ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìwé tó ti lé ní 300 ọdún fi lè funfun ju èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1970 lọ.

Ẹ ò lè dá a padà sípò, ẹ kàn lè fà á sẹ́yìn ni. Ẹ gbé e kúrò nínú ooru àti ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yọ gbogbo gígé ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ há sínú ẹ̀, torí bébà ìwé ìròyìn ló burú jù, ó máa ń fi òjìji aláwọ̀ búráùn sílẹ̀ lójú ewé tó bá kàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe tóbi tó gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń ra ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kó pẹ́, ẹ wo ojú ewé tí àlàyé ìtẹ̀jáde wà, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bébà náà ò ní ásíìdì tàbí pé ó bá ISO 9706 mu, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún bébà tó máa ń pẹ́.

Òórùn ìwé àtijọ́ ńkọ́, ṣé ó léwu?

Bébà àti gọ́ọ̀mù tó ń tú ká díẹ̀díẹ̀ ló ń ta yẹn. Ọ̀kan nínú ohun tó ń jáde ni vanillin, ohun kan náà tó ń mú fánílà ta sánsán. Ìyẹn ò léwu. Òórùn bíi ti aṣọ tí wọ́n ká pa láìgbẹ lẹ máa sọ́ra fún, ìwé yẹn ti ń bu nìyẹn.

Ìwé mi bu, kòkòrò tún wọ inú àwọn kan. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Ọ̀rinrin ni ìyá gbogbo ẹ̀. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ìdá 35 sí 50 ló dáa. Ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin, ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Èyí tó ti bu, ẹ fi sínú náílọ́ọ̀nù kíákíá kó má ran àwọn tó kù, ẹ gbé e jáde, ẹ bo imú àti ẹnu yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá lábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn wà, ìgbà tó bá gbẹ tán ni kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a kúrò. Tẹ́ ẹ bá nù ún nígbà tó ṣì tutù, ńṣe lẹ ń tẹ̀ ẹ́ wọnú bébà.

Ní ti kòkòrò, aáyán àti kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ fàdákà máa ń jẹ gọ́ọ̀mù àti sítáàṣì ara ìwé, ìdin àwọn kòkòrò kan máa ń dá ihò wọnú ẹ̀, ikán ní tiẹ̀ ò dá nǹkan kan sí. Ẹ má fín oògùn sára ìwé o. Ohun tí àwọn ilé-ìkàwé ńlá máa ń ṣe ni pé wọ́n á dì í pa sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á gbé e sínú fíríísà tó tutù dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì ní tú náílọ́ọ̀nù náà títí ìwé á fi padà kúrò ní tútù. Ti ikán kọjá ọ̀rọ̀ fíríísà, ẹ wá ibi tó gbà wọlé.

Omi dà sórí ìwé mi. Kí ni kí n ṣe báyìí-báyìí?

Wákàtí 48 lẹ ní, torí lẹ́yìn ìyẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ má ṣí i gbagada, ẹ má fún un bí aṣọ, bébà tó tutù ò lágbára rárá.

Tó bá rin gbingbin, ẹ gbé e dúró lórí táwẹ́ẹ̀lì kómi ro kúrò lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ máa fi bébà funfun tó ń fa omi sáàárín ẹ̀ ní ojú ewé ogún-ogún, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ bó bá ti ń tutù. Tó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, ẹ gbé e nàró, ẹ ṣí i bí abẹ̀bẹ̀, ẹ tan fáànù sínú yàrá náà àmọ́ kó má kọjú sí i. Ẹ máa ti ìka bọ ibi tí ojú ewé ti pàdé ẹ̀yìn ìwé, ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn, ojú ewé lè ti gbẹ kánkán kí ibẹ̀ ṣì tutù. Nígbà tíbẹ̀ náà bá gbẹ, ẹ pa á dé, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e mọ́jú. Kò ní rí bíi tìgbà tẹ́ ẹ rà á, etí ẹ̀ á rún díẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí i kà.

Tó bá pọ̀ ju ohun tápá yín ká, ẹ kó o sínú fíríísà, yìnyín ò ní jẹ́ kó bu, kẹ́ ẹ wá máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bébà ẹ̀ ń dán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, torí tó bá gbẹ mọ́ra pẹ́nrẹ́n, kò ní ṣí mọ́. Nígbà tí odò Arno kún wọ ìlú Florence ní Ítálì ní oṣù November 1966, ìwé àìmọye rì sínú ẹrẹ̀ ní ilé-ìkàwé ńlá tó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá tò bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń na ìwé síra wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn èèyàn wá ń pè wọ́n ní áńgẹ́lì inú ẹrẹ̀. Púpọ̀ nínú ọgbọ́n tá à ń dá sí ìwé tó tutù lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ojú ewé kan ya. Ṣé kí n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sẹ́lótéèpù á ṣí, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á ti wọ inú bébà, á pọ́n, kò sì ní jáde mọ́. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ará Japan ń ṣe àti sítáàṣì àlìkámà tí wọ́n pò bíi lẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tún ìwé ṣe máa ń lò, torí tí wọ́n bá fi omi sí i, ó ṣeé yọ. Tẹ́ ẹ ò bá rí ìyẹn, ẹ fi ojú ewé tó ya sáàyè ẹ̀, ẹ pa ìwé dé. Ìwé tó ṣọ̀wọ́n, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́.

Ṣé ó yẹ kí n wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí n tó mú ìwé àtijọ́?

Kò yẹ. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bí bébà ṣe rí lọ́wọ́, ẹ sì lè fà á ya. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Àwọn ilé-ìkàwé ńlá pàápàá, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn fún ìwé bébà, ó yàtọ̀ sí fọ́tò àti nǹkan onírin.

Ìwé tí mo rà tí mi ò tíì kà ti pọ̀ jù. Ṣé ìṣòro ni?

Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan fún un láti ayé Meiji (1868 sí 1912), tsundoku, kéèyàn máa kó ìwé jọ gègèrè láìkà á. Kì í ṣe ìṣòro, bó bá ti jẹ́ pé ẹ ò fi owó nǹkan míì rà á, tẹ́ ẹ sì mọ ohun tó wà nílé. Ìwé tẹ́ ẹ ò tíì kà tó wà nítòsí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, ó ti wà nílẹ̀.

Àmọ́ lọ́dọọdún, mo máa ń kó gbogbo tèmi sílẹ̀, mo máa ń nu eruku ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá mú ọ̀kan tí mi ò ṣí fún ọdún mẹ́ta, tí orúkọ ẹnì kan sì sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń nù ún, ẹni yẹn ló ni ín.

Báwo ni mo ṣe lè yá èèyàn ní ìwé kó sì padà wá?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbà á, orúkọ ìwé, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí. Kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ yẹn níṣojú ẹ̀, "ṣé oṣù kan á tó ọ?", torí ìwé tí ò lọ́jọ́ ló máa ń sọnù, ẹni tó yá a ò jalè, ó kàn rò pé ẹ ò tíì nílò ẹ̀. Mo tún máa ń ní kí ẹni náà di ìwé mú síwájú àyà, màá fi fóònù ya á. Òun náà á ní fọ́tò yẹn lọ́wọ́, gbogbo ìgbà tó bá rí i ló máa rántí.

Ẹ kọ orúkọ yín sínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ táwọn oníwèé ti ń ṣe é, láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń lẹ bébà kékeré tó ní orúkọ oníǹkan mọ́ inú ìwé ní Jámánì, kí ìyẹn sì tó dé, àwọn adàwékọ Yúróòpù máa ń kọ èpè sẹ́yìn ìwé fún ẹni tó bá jí i. Ẹ̀yin ẹ má ṣépè o, orúkọ tó.

Tí ọjọ́ bá pé, ẹ má bi í pé "ìwé mi dà?" Ẹ bi í pé "ibo lo kà á dé, kí lo rò nípa ọmọkùnrin yẹn?" Tó bá ti kà á, ọ̀rọ̀ á dùn, ìwé á sì bá ọ̀rọ̀ padà wá. Tí ò bá tíì kà á, òun fúnra ẹ̀ á ní kẹ́ ẹ wá gbà á.

Ṣé mo lè sọ pé mi ò yáni ní ìwé kan pàtó?

Bẹ́ẹ̀ ni, láìbínú. Èyí tí ò ṣeé rà mọ́, èyí tí ẹni tó ti kú fún yín, èyí tẹ́ ẹ kọ àṣírí ọkàn yín sí létí. Ẹ ní "èyí ò ní jáde nílé, àmọ́ wá kà á níbí", kẹ́ ẹ sì fi àga fún un lóòótọ́. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn tó ṣì wà lọ́jà, ẹ ra ẹ̀dà kejì tó máa máa rìn kiri.

Ìwé ẹnì kan ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́ta, ojú ń tì mí láti dá a padà.

Ẹ dá a padà lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí ò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje, bó ṣe rí pẹ̀lú ìwé náà nìyẹn: ìwé yìí nìkan kọ́ lẹ há mọ́wọ́, gbogbo ìwé míì tí ẹni yẹn ì bá tún yá yín náà ni, àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ ì bá ti sọ. Ẹ má to àwáwí gígùn. "Ẹ má bínú, ó pẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ ṣeun" ti tó. Mo ti wà nípò yẹn rí, nígbà tí mo na ìwé náà sí i, ńṣe ló ṣí i tó ń wá ojú ewé kan tó fẹ́ fi hàn mí láti ọdún yẹn.

Mo ba ìwé oníwèé jẹ́. Kí ló tọ́?

Ẹ sọ fún un kó tó rí i fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra òmíì. Kẹ́ ẹ má baà lọ ra ẹ̀dà tó yàtọ̀, ẹ wo nọ́ńbà ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé. Láti January 2007, nọ́ńbà 13 ni, 978 tàbí 979 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú ìyẹn jẹ́ 10. Ìwé tí èèpo ẹ̀ le àtèyí tí èèpo ẹ̀ rọ̀ kì í ní nọ́ńbà kan náà, torí náà ẹ yẹ gbogbo ẹ̀ wò títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá sì ra òmíì tán, ẹ bi í bóyá ó ṣì fẹ́ ti àkọ́kọ́, torí ó lè jẹ́ ìkọ̀wé inú ẹ̀ ló fẹ́.

PDF ìwé tí wọ́n ń pín kiri orí WhatsApp, ṣé ó burú?

Tó bá jẹ́ ìwé tí ẹ̀tọ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí kò sì fọwọ́ sí i, ó burú, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé bébà tí mo bá yá yín, ẹnì kan péré ló ń kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan sì ti sanwó ẹ̀. PDF tẹ́ ẹ bá jù sínú gúrúùpù èèyàn 200 ti di ìwé 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ ọ́ ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Àmọ́ ìwé tẹ́ ẹ lè pín láìbẹ̀rù pọ̀ rẹpẹtẹ. Àdéhùn Berne tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1886, ní kí ẹ̀tọ́ ìwé wà títí di ọdún 50 ó kéré tán lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé bá kú, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti sọ ọ́ di 70. Tí ìyẹn bá ti kọjá, ìwé ti di ti gbogbo ayé. Project Gutenberg, tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé kan náà wà láàyè tí wọ́n fúnra wọn fi iṣẹ́ wọn síta pé kẹ́ ẹ pín in. Tẹ́nì kan ò bá sì lágbára láti ra ìwé, ẹ yá a ní tiyín, tàbí kẹ́ ẹ mú un lọ sí ilé-ìkàwé.

Ìwé orí ẹ̀rọ tí mo rà, ṣé mo lè fi í jogún fún ọmọ mi?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, rárá, èyí sì máa ń ká àwọn èèyàn lára. Tẹ́ ẹ bá tẹ "rà á", àyè láti kà á lẹ sábà máa ń rà, ẹ ò ra ìwé gan-an, ó wà nínú àdéhùn gígùn tá ò kì í kà yẹn. Lọ́dún 2009, àwọn kan tí wọ́n ti sanwó ìwé olókìkí kan bá a pé ó ti pòórá lórí ẹ̀rọ wọn, ilé-iṣẹ́ tó tà á ló yọ ọ́ láti òkèèrè, torí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n dá owó padà, wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, àmọ́ gbogbo wa ti rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ nínú ẹbí, ẹ ra bébà ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á láìfi àgádágodo tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́.

Ibo ni mo lè kó ìwé tí mi ò fẹ́ mọ́ lọ?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó kó o lọ. Ilé-ìkàwé àti ilé ìwé kì í fẹ́ ìwé tó ti bu, ìwé ìwòsàn tàbí ti òfin tí àsìkò ẹ̀ ti kọjá, ẹ̀yìn wọn náà lẹ sì máa kó wàhálà dídà á nù sí. Ẹ fún èèyàn ní ohun tẹ́ ẹ̀yin náà lè fọwọ́ méjèèjì gbà.

Àpótí ìta gbangba náà wà. Lọ́dún 2009, Todd Bol kan àpótí kan tó rí bí ilé kékeré síwájú ilé ẹ̀ ní Hudson, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, kó fi rántí ìyá ẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú ìwé, kí ẹni tó bá ní fi sí i. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní Little Free Library ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin náà lè kan ọ̀kan, kí òrùlé ẹ̀ ṣáà má jò.

Tí mo bá kú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé mi?

Tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan, àwọn ará ilé tí ọkàn wọn ti bàjẹ́ ló máa dúró níwájú ṣẹ́ẹ̀fù yẹn, wọn ò ní mọ èyí tó ṣọ̀wọ́n yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú títì, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí kan náà. Ẹ kọ líìsì kan: èyí tó níye lórí, èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíì, èyí tí wọ́n lè kó fúnni láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan pé ibi báyìí ni líìsì náà wà.

Èmi ti há bébà pélébé sínú mọ́kànlá nínú tèmi, orúkọ ẹni tó máa gbà á ló wà lórí ẹ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo wo méjì nínú wọn títí, mo wá rí i pé kò sídìí tí àwọn yẹn fi máa dúró dìgbà tí mo bá kú. Mo ti gbé wọn fún àwọn tó ni wọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.